Dọ́là Mọ́kànlélógójì

Ẹ má bi mí pé èló ni mo fi kọ́ ọ.
Dọ́là mọ́kànlélógójì ni,
àti ìbọ̀wọ́ méjì tí ìṣó fà ya,
àti èékánná àtàǹpàkò òsì mi tó dúdú títí di Kérésìmesì.

Páléètì mẹ́rìndínlógún ni mo kó
lẹ́yìn ilé ìtajà irin kan ní Neepawa.
Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, “Igi ìdáná ni, àbí?”
Mo ní, ilé ni.
Ó wo bàtà mi, ó wo páléètì, ó wo ojú ọ̀run,
ó bá mi gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀,
kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Páánù wá láti ọ̀dọ̀ Cornelius Dueck, aládùúgbò mi.
Afẹ́fẹ́ ti wó àká rẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
ó kúnlẹ̀ sínú pápá bíi màlúù tí kò lè dìde mọ́.
“Kó gbogbo ẹ̀ lọ,” ni bàbá náà wí. “Ó ti dógùn-ún.”
Ó dógùn-ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ mẹ́ta
kì í bi òrùlé léèrè ọjọ́ orí.

Ìṣó ńkọ́? Inú àwókù náà ni mo ti yọ wọ́n.
Bàbá mi kò na ọmọ rí. Ìṣó ló máa ń nà,
lórí òkúta, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkìrun:
ó ní ọmọ tó bá wọ́, ọ̀rọ̀ ni kí a fi tọ́ ọ,
ìṣó tó bá wọ́, òòlù.
Nínú mi lọ́hùn-ún, ahun ni mò ń pè é nígbà náà.
Èmi náà rèé, lórí garawa tí mo dojú rẹ̀ dé,
ní Manitoba, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń tọrọ,
mò ń na ìṣó.

Ilẹ̀kùn ló kù.
Ìgò ata lílọ̀ méjì ni mo fi gbà á
lọ́wọ́ ọkùnrin tó wó ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó wà lójú títì.
Ó ga jù fún ilé ewúrẹ́. Mo gbé ayùn.
Ìgbà náà ni Dueck dé, ó ní kí n dúró ná.
Ó wọ awò, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ká ara rẹ̀ pọ̀,
ó fi àtàǹpàkò nu etí ilẹ̀kùn:
ìlà pẹ́ńsù, ìlà pẹ́ńsù, orúkọ, ọdún.
“Èmi nìyí,” ó ní. “Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.”
Ìlà kan wà lókè tirẹ̀. Tina.
“Àbúrò mi ni. Ó ga jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.”
Kò sọ ibi tí Tina wà.
Mi ò bi í.

Bí mo bá gé e nísàlẹ̀, gbogbo ọmọ yẹn á kúrú.
Bí mo bá gé e lókè, bóyá kò ní í ṣe nǹkan kan,
ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀.
Òrùlé ni mo gbé sókè.
Ibẹ̀ ni dọ́là mọ́kànlélógójì lọ:
igi tuntun méjì, ẹyọ méjì péré nínú gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo wo tèmi: ó ga níwájú, ó rẹlẹ̀ lẹ́yìn,
bí ẹni tó kí àgbà tó gbàgbé láti dìde tán.

Ní oṣù kejì, tí òtútù mú kí páánù máa dún bí egungun,
ewúrẹ́ dúdú bí abo kan ní òru.
Mo nù ún gbẹ. Mo gbé e ti etí ilẹ̀kùn,
kò tilẹ̀ dé ibi tí ọmọ tó kúrú jù lọ dé.
Mo fi eyín bọ́ ìbọ̀wọ́, mo mú pẹ́ńsù.
Kò dúró jẹ́ẹ́. Ìlà náà wọ́.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Orúkọ tí mo kọ sí i,
èmi àti ilẹ̀kùn la mọ̀ ọ́n.